Ibi Tí O Fi Atọ́ka Sí

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àdánìkanwà. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ta ló sọ fún mi pé ẹ dá wà, nígbà tí Aránṣọ wà ní òdìkejì títì, tó ń yọjú wò yín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́. Mo kàn ní kí n kí yín bẹ́ẹ̀ ni.

Iṣẹ́ mi wà bó ṣe wà. Aṣọ ìbùsùn ilé àwọn arúgbó ni mò ń fọ̀, ẹ mọ̀. Mò ń kó o wọlé ní ìdọ̀tí, mò ń kó o jáde ní funfun, mi ò mọ ẹni tó sùn lórí èyíkéyìí nínú wọn. Tí wọ́n bá ní kí n sinmi, mo sinmi. Tí wọ́n bá ní kí n jẹun, mo jẹun.

Ikọ́ yín ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, ikọ́ nìkan ni mo gbọ́, ẹ̀yin náà ò sì gbọ́ mi, nítorí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń la pákó ti di yín létí. Ẹ wá gbé e sílẹ̀. Ẹ ní tí mo bá ní ọ̀rọ̀, kí n kọ ọ́ sínú ìwé, pé ọ̀rọ̀ tí a ò kọ kì í dúró. Ó dáa, mo ti kọ ọ́.

Ẹ máa rí ohun kan tó jọ fèrè nínú ẹrù yìí. Kì í dún o. Ìwọ̀n èémí ni, àwọn arúgbó ibí ń fẹ́ ẹ láràárọ̀. Ẹ dìde dúró, ẹ fa èémí kún inú, ẹ fi ètè dì í mú kí atẹ́gùn má ṣe yọ́ gba ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wá fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíá, pẹ̀lú gbogbo agbára, bí ẹni tó fẹ́ pa àtùpà tó jìnnà sí i. Atọ́ka pupa tó wà lára rẹ̀ máa sá lọ síbi nọ́ńbà kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta nírọ̀lẹ́. Èyí tó bá ga jù ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó dì í, ó ń ṣiṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ wa ní, fún ọkùnrin tó ga bíi tiyín, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó bá lé ní irínwó, kò burú. Tí kò bá tó igba, kí ẹ má jókòó sílé. Mo ní ìsinmi oṣù kan nínú oṣù kẹfà. Tí nọ́ńbà yín bá kéré, mò ń bọ̀ wálé. Tó bá dára, màá fi ìsinmi náà sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kó rí bíi ti Màámi, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ti sin ín tán ni mo gbọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Alágídí mi,

Mo rí lẹ́tà, mo rí fèrè. O ṣeun. Ara ń ṣe bí ara ṣe máa ń ṣe.

Aránṣọ ló bá mi tú u. Ó bi mí pé ṣé mo ti fẹ́ di olórin lọ́jọ́ ogbó ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ni màá kọ́kọ́ fi orin bú. Mo dúró, mo fa èémí, mo fẹ́ ẹ bí o ṣe wí. Ikọ́ gbé mi, mo jókòó. Nígbà tí ojú mi là, àwa méjèèjì wò ó: 410. Mo fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, 410. Ìkẹta, 410. Aránṣọ ní ògidì ọkùnrin ṣì ni mí.

Fi ọkàn balẹ̀ níbi tí o wà. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo ti ń gé pákó. Èmi àti eruku ẹ̀ ti mọ ìwà ara wa. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ni mò ń kọ nọ́ńbà náà sí, níbi tí mo máa ń kọ ìwọ̀n ilẹ̀kùn sí, kó má baà sọnù. Ilẹ̀kùn ilé ìwé méjì ló wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní mo ti pẹ́ jù lórí ẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa gba ojú fèrèsé wọlé ná.

O dárúkọ ìyá rẹ. Mo gbọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìforítì. Mo dúpẹ́ pé nọ́ńbà dára.

Kí n má parọ́ fún yín, mo ka 410 yẹn, mo sì rò pé inú mi máa dùn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń dúró de ìdùnnú náà, kò yọjú. Mo dìde, mo lọ síbi iṣẹ́. Bó ṣe ń rí lára mi láti ọdún tó kọjá nìyẹn. Kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi.

Mo sọ nọ́ńbà náà fún nọ́ọ̀sì wa, ó ní kí n kí yín, pé àwọn tó kéré sí yín lọ́jọ́ orí ò ní in. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò ní lo ìsinmi oṣù kẹfà mọ́. Ó ti fún ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Mo kọ orúkọ Màámi, ẹ ní "mo gbọ́". Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa parí ni, Bàbá mi? Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ rí i. Èmi ò rí nǹkan kan, àfi ìwé tí ẹ kọ, tí ẹ ní "ìyá rẹ sinmi lọ́jọ́ Ẹtì, òrùlé ṣọ́ọ̀bù ń jò". Gbólóhùn kan náà ni ẹ kó méjèèjì sí.

Ẹ fi nọ́ńbà gbogbo ọjọ́ ránṣẹ́ sí mi. Nọ́ọ̀sì ní ohun tí nọ́ńbà ń ṣe láti ọjọ́ dé ọjọ́ lòun fẹ́ wò.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Alágídí mi,

Mo kí ọ. O ti di ọ̀gá mi báyìí, o ń bèèrè ìṣirò. Mo dà á kọ láti ara ògiri. Ọjọ́ kìíní oṣù yìí, àárọ̀ 410, ìrọ̀lẹ́ 410. Ọjọ́ kejì, 410, 410. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Màá kọ gbogbo ẹ̀ tó o bá fẹ́, àmọ́ ọ̀nà kan náà ló rìn títí dé àná.

Kò sí ìròyìn púpọ̀. Mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì wá sí yàrá iwájú, kí n má baà máa gun àtẹ̀gùn. Bẹ́ẹ̀dì náà sì ti di ibi ìkáṣọsí, nítorí orí àga ni mo máa ń sùn báyìí, mo fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn. Tí mo bá dùbúlẹ̀, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹnìkan gbé àpótí lé mi láyà. Ọ̀fọ̀ ni. Wọ́n ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé ó máa ń pẹ́ kó tó kúrò láyà.

Láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́ níbi òpó iná, ìkejì lẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ìkẹta lórí bẹ́ńṣì tí èmi fúnra mi kàn lọ́jọ́sí. Bẹ́ńṣì náà dára. Mi ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń kàn án fún. Ilẹ̀kùn ilé ìwé ò tíì tán.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ tó o kọ, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òrùlé ń jò lóòótọ́ lọ́jọ́ náà.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín. Lẹ́tà yìí ò ní dùn létí, ẹ forí jì mí.

Mo gbé nọ́ńbà yín fún nọ́ọ̀sì wa. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní kò sí èèyàn alààyè tí èémí ẹ̀ máa ń rí bákan náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méjìdínlógún. Ó ní ti ọmọdé pàápàá máa ń lọ sókè, máa ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó bi mí pé ṣé bàbá mi ń fẹ́ ẹ ni, àbí ó kàn ń kọ ohun tó wù ú. Ojú tì mí.

Mo wá tún lẹ́tà yín kà. Ẹ ń dúró lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó dé ṣọ́ọ̀bù tí a máa ń rí láti ojú fèrèsé ilé. Ẹ ń sùn ní ìjókòó. Ẹ wá ní 410. Ọ̀rọ̀ náà ò bára mu. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé pákó kì í parọ́, ẹni tó wọ̀n ọ́n ni.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ń fi nọ́ńbà tù mí nínú ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tù mí nínú mọ́. Irú ìtùnú yẹn ni ẹ fún mi lórí àìsàn Màámi, tí ẹ ní "ó ń gbádùn, ó ń jẹun". Ìtorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò ṣe wá. Ìtorí 410 ni mo ṣe fi ìsinmi mi sílẹ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ ò dáhùn. Ó ti lé ní oṣù kan. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi le. Ẹ bínú, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ kọ èébú náà ránṣẹ́. Oṣù tí ǹ bá wà lọ́dọ̀ yín la wà yìí. Mò ń ká aṣọ funfun.

Ọmọ yín.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mi ò dáhùn nítorí inú bí mi. Nígbà tí inú mi rọ̀, òtútù mú mi, mo lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí àga. Aránṣọ ló ń gbé omi gbígbóná wá. Ó fẹ́ mú mi lọ sí ọsibítù, mo ní kò sídìí, mo fi nọ́ńbà hàn án.

Tẹ́tí sí mi dáadáa. Èmi kì í ṣe òpùrọ́. Lórí ti ìyá rẹ, ohun tó ní kí n kọ ni mo kọ. Òun ló ní kí n má já ọ láyà. Ó ń jẹun lóòótọ́, ṣíbí méjì méjì. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Bóyá ó yẹ kí n fi kún un.

Lórí ti fèrè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń fẹ́ ẹ láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta nírọ̀lẹ́, àní nínú òtútù yẹn. Ibi tí o fi atọ́ka sí ló wà títí dòní. Mi ò fọwọ́ kàn án rí. Ṣé o rántí géèjì mi, igi kékeré tó ní ìṣó lẹ́nu, tí mo fi ń fa ilà sára pákó? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló máa ń dè é, tó bá dè é tán á gbé e fún mi, á ní, "Bó ṣe wà nìyẹn. Má sún un títí iṣẹ́ á fi tán." Ẹni tó bá sún géèjì láàárín iṣẹ́, pákó tó kù ò ní bá ti àkọ́kọ́ mu mọ́. Mo gba ìgbájú kan nítorí ẹ̀ rí, mi ò sì tún sún un mọ́ láyé mi.

Nígbà tí fèrè rẹ dé, mo tú aṣọ tí o fi wé e, mo rí atọ́ka lórí 410. Mo ní, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà lọmọ yìí, ó ti dè é fún mi kó tó gbé e wá. Ibẹ̀ ló fẹ́ kí n dúró sí. Mo fẹ́ ẹ, kò yẹ̀. Láràárọ̀ tí mo bá fẹ́ ẹ tí kò yẹ̀, mo máa ń ní, mo ṣì wà níbi tí ọmọ mi ní kí n wà. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje

Bàbá mi,

Mo ti pe Aránṣọ lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Kí lẹ́tà yìí tó dé, ó máa ti mú yín lọ sí ọsibítù, ẹ má bá a jà. Mo ń kọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé ẹ ò gba ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé.

Èmi ni mo ṣe é. Mo kọ gbogbo bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ, mi ò kọ pé kí ẹ sún atọ́ka padà sí òdo kí ẹ tó fẹ́ ẹ, nígbà gbogbo, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Atọ́ka yẹn kì í bọ̀ wálẹ̀ fúnra ẹ̀. Èémí tó bá lágbára jù ú lọ nìkan ló lè gbé e kúrò níbi tó wà. Mo rò pé gbogbo èèyàn ló mọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ dì í, mo dúró síbi iná yàrá mi, mo fẹ́ ẹ láti mọ̀ bóyá ó dára. Mo nù ún, mo fi aṣọ wé e. Mi ò sún un padà.

410 yẹn, èmi ni mo fẹ́ ẹ, Bàbá mi. Láti oṣù kẹta, èémí mi ni ẹ ń kọ ránṣẹ́ padà sí mi. Mo ka èémí ara mi, mo ní ara bàbá mi le. Mo sì pè yín ní òpùrọ́ lé e lórí. Ẹ forí jì mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún un wálẹ̀. Nọ́ńbà yòówù kó jẹ́, tiyín ni kí ẹ kọ sí mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ

Alágídí mi,

Mo ti kúrò ní ọsibítù, mo wà nílé, mò ń mí. Má jókòó ti ara rẹ máa dá a lẹ́jọ́. Àwa méjèèjì la kan ilẹ̀kùn náà ní wíwọ́.

Aránṣọ wọlé lọ́jọ́ tó o pè é, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Ó ní o ní kí n sún pupa yẹn wálẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó wá sọ fún mi pé èémí rẹ ni. Mo gbé fèrè náà lé ọwọ́, mi ò lè sún un. Oṣù márùn-ún ló fi wà lórí tábìlì mi. Aránṣọ ní òun máa bá mi sún un, mo ní rárá. Ó ṣe mí bí ìgbà tí wọ́n ní kí n kó sálúbàtà ìyá rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Mo sún un. Mo fẹ́ ẹ. 140.

Aránṣọ mú mi lọ sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró mi ti fún, pé eruku ọdún gbọọrọ ló ṣe é. Wọ́n tún gbé mi síbi ẹ̀rọ ńlá kan, mo fẹ́ òun náà títí mo fi ń rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án. Ó ní fèrè nìkan ò lè sọ gbogbo ẹ̀. Mo ní mo rò pé ogbó ni, àti ọ̀fọ̀. Ó ní ogbó kì í súfèé láyà èèyàn. Òótọ́ ni, fèrè rẹ ò dún, àyà mi ló ń dún láti ọjọ́ yìí. Ó ní èyí tó ti bàjẹ́ ò ní padà, èyí tó kù la fẹ́ tọ́jú. Ó ní kí n má fi nọ́ńbà mi wé ti ẹlòmíì, kí n fi wé tèmi àná. Ó sì ní lọ́jọ́ tí mi ò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láì sinmi, kí n má wo fèrè rárá, kí n máa bọ̀.

Wọ́n fún mi ní oògùn tí mo ń fún sẹ́nu. Mo ń fi aṣọ bo imú ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní mo jọ olè. Nọ́ńbà mi rèé, mo ń sún un padà nígbà gbogbo: 140, 150, 150, 145, 170, 165, 190. Àná, 205.

Ọ̀rọ̀ tó o bi mí lórí ìyá rẹ. Èmi ni mo di orí ẹ̀ mú. Èémí ẹ̀ ń jìnnà síra, mo ń kà á, mo sì kà á títí mi ò fi rí èyí tó kàn. Mo jáde, mo rí omi tó ń jò wọ ṣọ́ọ̀bù, mo gbé korobá síbẹ̀. Mi ò sunkún. Wọ́n ní kí n sunkún, mo wá ẹkún náà tì. Nǹkan tó wà nínú ìwé tí mo kọ sí ọ nìyẹn, mi ò mọ ọ̀nà míì tí mo lè gbà kọ ọ́.

Mo fẹ́ tọrọ nǹkan kan. Ṣé o lè ra fèrè tìrẹ? Lójoojúmọ́ ni mo ń jí wo 410 yẹn tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí mi ò rí ọ mọ́. Máa kọ tìrẹ sí ìdí lẹ́tà fún mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú ewu. Mo ka 205 yẹn lẹ́nu iṣẹ́, mo jókòó sórí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ọ̀gá mi ní kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní bàbá mi ń mí.

Mo lọ bẹ ọ̀gá náà. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù kọkànlá. Kò tó, ṣùgbọ́n mò ń bọ̀. Ẹ má kó sálúbàtà Màámi. Ẹ jẹ́ kí n bá a níbẹ̀.

Mo ti ra fèrè. Mo dúró síbi iná yàrá mi bí ọjọ́ yẹn. Mo sún un sí òdo, mo fẹ́ ẹ, 410. Mo sún un sí òdo, mo fẹ́ ẹ, 400. Mo sún un sí òdo, mo rántí yín níbi tí ẹ ti ń ka èémí Màámi, mo fẹ́ ẹ, 260. Ẹkún ló gba èyí tó kù.

Wọ́n ní èyí tó ga jù ni ká máa kọ. Mo kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún yín.

Ọmọ yín.